Búrẹ́dì Àlejò, Ọwọ́ Onílé

Ní Youpwè, ní etí omi Wouri ní ìlú Douala, iṣẹ́ kì í dúró de oòrùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn apẹja ti ń gúnlẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ igi wọn, tí àwọn obìnrin tí ń ṣòwò ẹja sì ti ń dúró dè wọ́n pẹ̀lú agbọ̀n àti ike lọ́wọ́. Alábàárù ń rù, ẹni tí ń fọ́ yìnyín ń fọ́ ọ, ẹni tí ń ná ẹja ń ná an. Bí ebi bá pa irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní agogo méje àárọ̀, wọn kò ní àyè láti lọ sílé lọ jókòó ti àwo. Ọ̀dọ̀ olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì ni wọn ń yà sí.

Àwọn ará Cameroon ní orúkọ kan fún irú ibi ìjẹun bẹ́ẹ̀: tourne-dos ni wọ́n ń pè é. Èdè Faransé ni, ohun tí ó sì ń tọ́ka sí ni kí ènìyàn kẹ̀yìn, nítorí pé bí oníbàárà bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, títì ni yóò kọ ẹ̀yìn sí, oúnjẹ ni yóò kọjú sí. Ọ̀kan nínú ohun tí a ń tà ní irú ibẹ̀ ni pain chargé, èyí tí a lè pè ní búrẹ́dì tí a di ẹrù fún. Olóúnjẹ á mú búrẹ́dì gígùn, á fi ọ̀bẹ là á ní ẹ̀gbẹ́, á bu ẹ̀wà sísè sí i, tàbí ẹyin díndín, tàbí píà tí a tẹ̀, tàbí sùpàgẹ́tì. Á fi ata sí i bí oníbàárà bá fẹ́, á sì fi bébà wé e. Ẹni tí ó rà á lè fi ọwọ́ kan jẹ ẹ́, kí ó fi ọwọ́ kejì di agbọ̀n mú. Ó dùn, ó sì tètè ń yó ènìyàn.

Ìgbádùn kékeré yìí gbé ìbéèrè ńlá kan dání. Búrẹ́dì gígùn náà kì í ṣe ohun tí àwọn ará etí omi Wouri fúnra wọn lọ wá. Ìjọba amúnisìn ni ó bá wọlé. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn máa gbádùn ohun tí ó bá ipá wọ ilé rẹ̀? Bí ó bá ń gbádùn rẹ̀, ṣé kì í ṣe pé ó ti fọwọ́ sí ipá náà? Àbí ohun tí ó bá ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni ti di tẹni? Ìbéèrè yìí kò mọ sórí búrẹ́dì. Ó kan aṣọ, ó kan ẹ̀sìn, ó kan ilé ẹ̀kọ́, ó kan lẹ́tà tí a fi ń kọ èdè wa pàápàá. Ṣùgbọ́n ó dára kí a fi oúnjẹ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ahọ́n kì í purọ́ fún olúwa rẹ̀. Oúnjẹ tí ó bá dùn mọ́ ènìyàn ti dùn mọ́ ọn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro àròjinlẹ̀.

Kò yẹ kí a fojú kékeré wo ẹjọ́ àwọn tí ó ní kí a kọ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1884 ni àwọn ọba Duala tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn ará Jámánì. Nígbà tí ó yá, ìjọba Jámánì pinnu láti lé àwọn onílẹ̀ kúrò ní etí omi kí àwọn aláwọ̀ funfun lè máa gbé ibẹ̀. Ọba Rudolf Duala Manga Bell lo ìwé àti òfin láti fi takò wọ́n, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún 1914 ni wọ́n yẹgi fún un. Nígbà tí ó fi di ọdún 1916, ogun ti lé àwọn ará Jámánì kúrò ní Cameroon. Faransé gba apá tí ó tóbi jù, Douala sì wà nínú rẹ̀, títí di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1960. Nítorí náà, búrẹ́dì gígùn kò dá wá. Òun pẹ̀lú owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti èdè ọ̀gá ni wọ́n jọ rin ọ̀nà kan náà.

Ẹni tí ó bá rántí gbogbo èyí lè sọ pé ìtìjú ni kí ọmọ Duala máa la ẹnu sí búrẹ́dì Faransé. Thomas Sankara, tí ó ṣe olórí Burkina Faso láti ọdún 1983 títí di ọdún 1987, máa ń sọ fún àwọn ará ìlú rẹ̀ pé inú àwo oúnjẹ wọn ni kí wọ́n ti wá amúnisìn, kí wọ́n wo hóró ọkà tí a kó wá láti òkèèrè, wọn yóò sì rí i níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí lágbára. Ó bá òwe Yorùbá kan mu tí ó ní, ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Bí òwe yìí bá ṣẹ lórí búrẹ́dì tí a di ẹrù fún, a jẹ́ pé ẹni tí ó gbé búrẹ́dì dé ni ó ni ẹ̀wà tí ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, tí ọwọ́ obìnrin tí ó sè é kò sì jẹ́ nǹkan kan.

Ibi tí ẹjọ́ yìí ti kọ́kọ́ mẹ́hẹ nìyẹn. Kí a tó gbà pé ọwọ́ olóúnjẹ kò já mọ́ nǹkan kan, ó yẹ kí a wo orílẹ̀-èdè mìíràn tí Faransé kan náà mú sìn, tí búrẹ́dì kan náà sì dé. Vietnam ni orílẹ̀-èdè náà. Àwọn ọmọ ogun Faransé gba ìlú Saigon ní ọdún 1859, búrẹ́dì wọn sì tẹ̀lé wọn. Bánh tây ni àwọn ará Vietnam kọ́kọ́ ń pè é. Bánh ni orúkọ tí wọ́n ń pe àkàrà òyìnbó àti oríṣiríṣi oúnjẹ tí a fi ìyẹ̀fun ṣe, tây sì ni ìwọ̀-oòrùn. Orúkọ náà fi hàn pé oúnjẹ àwọn ará ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n kà á sí: ti ọ̀gá ni, kì í ṣe ti ilé. Nígbà tí ó pẹ́, orúkọ yí padà di bánh mì, èyí tí ó túmọ̀ sí oúnjẹ ìyẹ̀fun àlìkámà. Wọ́n yọ orúkọ ẹni tí ó gbé e wá kúrò, wọ́n sì fi orúkọ ohun tí a fi ṣe é dípò. Ẹni tí ó bá mọ bí èdè ti ń ṣiṣẹ́ mọ̀ pé ìyípadà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ní ọdún 1954, wọ́n ṣẹ́gun Faransé ní Điện Biên Phủ, orílẹ̀-èdè náà sì pín sí méjì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará àríwá kó lọ sí gúúsù. Nínú wọn ni tọkọtaya kan wà tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù Hòa Mã sí Saigon ní ọdún 1958. A máa ń kà wọ́n mọ́ àwọn àkọ́kọ́ tí ó há ẹran àti èròjà sáàárín búrẹ́dì fún ẹni tí kò ní àyè láti jókòó. Àwọn Faransé a máa to ẹran, bọ́tà àti búrẹ́dì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí àwo, kí ẹni tí ń jẹun fi ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì jẹ ẹ́. Òṣìṣẹ́ Saigon kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, bí alábàárù Youpwè náà kò ti ní in. Ohun tí ó wà lórí àwo wọ inú búrẹ́dì, àwo sì di ohun tí a kò nílò mọ́.

Ẹni tí ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù kékeré irú ti àwọn ará Vietnam lónìí, ìbáà jẹ́ ní Saigon tí ó ti di ìlú Hồ Chí Minh, ìbáà jẹ́ ní California tàbí ní Paris fúnra rẹ̀, yóò rí ohun tí ọwọ́ wọ̀nyẹn ṣe. Búrẹ́dì náà fẹ́lẹ́ ní èèpo, ó sì ń ró bí a bá gé e jẹ. Ẹ̀dọ̀ lílọ̀ àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì ní kárọ́ọ̀tì tí a rẹ sínú ọtí kíkan, ewé olóòórùn dídùn àti ata tútù. Iyọ̀, kíkan, títa àti tútù jọ pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn tí ogun parí ní ọdún 1975, àwọn ogunléndé gbé oúnjẹ náà ká ayé, ó sì di ohun tí wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀ ní ilẹ̀ àjèjì. Ní ọdún 2011, ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford gba ọ̀rọ̀ náà wọlé pẹ̀lú orúkọ tí àwọn ará Vietnam fún un. Ọmọ Faransé tí ó bá tò sí ìlà ní Paris láti ra bánh mì, oúnjẹ Vietnam ni ó wá rà.

Kò sì pọn dandan kí a rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1913 ni ọmọ Jamaica kan tí ń jẹ́ Amos Shackleford wá sí Nàìjíríà láti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ní ọdún 1921 ó dá iṣẹ́ búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èkó, òun sì ni a kà sí ẹni tí ó sọ búrẹ́dì di oúnjẹ ojoojúmọ́ fún mẹ̀kúnnù. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni búrẹ́dì Agége ti jáde. Ní ọ̀nà mìíràn, àwọn obìnrin tí ó wá láti apá Togo àti Benin, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Àgànyìn, ń ru ẹ̀wà rírọ̀ àti ọbẹ̀ ata dúdú kiri àdúgbò. Lónìí, bí a bá bi ọmọ Èkó tí ó wà lẹ́yìn odi pé oúnjẹ wo ni àárò rẹ̀ ń sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí ó dárúkọ ẹ̀wà Àgànyìn àti búrẹ́dì Agége. Ọmọ Jamaica ni ó la ọ̀nà búrẹ́dì, ọmọ Togo àti Benin ni ó gbé ẹ̀wà wá, síbẹ̀ kò sí oúnjẹ tí ó jẹ́ ti Èkó jù ú lọ.

Kódà, búrẹ́dì lè fi ààlà ìlú hàn. Yorùbá ni wọ́n ní Ìmẹ̀kọ, Yorùbá ni wọ́n ní Kétu, ọ̀nà tí ó wà láàárín wọn kò sì gùn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀kan, Faransé gba èkejì. Ní apá kan, búrẹ́dì onígun mẹ́rin tí ó rọ̀ ni ó wọ́pọ̀. Ní apá kejì, búrẹ́dì gígùn tí èèpo rẹ̀ le ni. Baba ńlá kan náà ni wọ́n ní, àmọ́ ààrò wọn yàtọ̀. Àkàrà nìkan ni kò mọ ààlà, nítorí pé ó ń wọ inú búrẹ́dì méjèèjì láìbéèrè ìwé ìrìnnà.

Láti inú àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí, a lè kọ́kọ́ dá ohun kan lójú: orísun kọ́ ni òṣùwọ̀n ohun tí ó jẹ́ tẹni. Àwọn tí ó bá ń kọ búrẹ́dì ní Douala sábà máa ń fi miondo dípò rẹ̀, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí a lọ̀, tí a fi ewé wé tẹ́ẹ́rẹ́, tí àwọn Duala fi ń jẹ ẹja yíyan. Wọ́n ní ìyẹn ni oúnjẹ baba wọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀, Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá, àwọn Potogí ni ó gbé e dé etíkun Áfíríkà ní ìgbà òwò ẹrú. Ọ̀nà kan náà ni àgbàdo àti ata gbà wá. Bí a bá ní kí a yọ gbogbo ohun tí ó bá ipá wọlé kúrò nínú ìkòkò, ògì yóò lọ, gàrí yóò lọ, láfún yóò lọ, ọbẹ̀ ata yóò sì di omi. Orúkọ Cameroon pàápàá, láti ẹnu Potogí ni ó ti wá: wọ́n rí edé púpọ̀ nínú omi Wouri, wọ́n sì pè é ní Rio dos Camarões, odò edé. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé orílẹ̀-èdè náà kì í ṣe ti àwọn ọmọ rẹ̀ nítorí pé àlejò ni ó sọ ọ́ lórúkọ.

Bí orísun kì í bá ṣe òṣùwọ̀n, kí ni òṣùwọ̀n? Ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni pé ọwọ́ ni. Ohun tí ọwọ́ ẹni bá ti tún ṣe, tí ó fi bá ebi rẹ̀, àkókò rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ mu, ti di tirẹ̀. Àwọn Faransé kò há ẹ̀wà sínú búrẹ́dì. Olóúnjẹ Douala ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ yìí kì í ṣe àfarawé. Ìdájọ́ ni: ó ti wo ohun tí ọ̀gá fi sílẹ̀, ó mú èyí tí ó wúlò, ó sì sọ èyí tí kò wúlò nù. Ẹni tí ó bá gbádùn oúnjẹ bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n olóúnjẹ náà ni ó ń gbádùn. Kò fọwọ́ sí ipá ẹnikẹ́ni, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, yóò dùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Ìyàtọ̀ kan wà láàárín ẹ̀gẹ́ àti àlìkámà tí kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Àlejò ni àwọn méjèèjì, àmọ́ ẹ̀gẹ́ wọ ilẹ̀, ó ta gbòǹgbò, àgbẹ̀ tí ó wà ní ẹ̀yìn ilé sì lè gbìn ín kí ó wú u. Àlìkámà kò fẹ́ràn ilẹ̀ olóoru tí òjò ti ń rọ̀ gidigidi. Èyí tí Cameroon ń lò, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ wá sí èbúté Douala. Nítorí náà, olóúnjẹ ni ó ni ẹ̀wà, òun ni ó ni ata, òun ni ó ni ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n kò ni ìyẹ̀fun. Ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn lè mú un le fún un láìmọ orúkọ rẹ̀.

Èyí kì í ṣe àbá lásán. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2008, nígbà tí epo ọkọ̀ àti oúnjẹ wọ́n, ìfẹ̀hónúhàn bẹ́ sílẹ̀ ní Douala àti ní àwọn ìlú mìíràn ní Cameroon, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní ọdún 2022, nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine, àlìkámà gbówó lérí ní gbogbo ayé. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ní Cameroon, iye owó búrẹ́dì gígùn tí ó wúwo tó 200 gíráàmù lọ sókè láti 125 sí 150 fáráǹkì Séfà. Nàìjíríà ti tọ́ irú rẹ̀ wò lọ́nà mìíràn: láti ọdún 1987 títí di ọdún 1992, ìjọba fòfin de kíkó àlìkámà wọlé, kí àwọn àgbẹ̀ ilé lè gbìn ín. Àlìkámà tí a gbìn kò tó nǹkan, búrẹ́dì di ọ̀wọ́n, ìjọba sì padà gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Níhìn-ín, owó tí ó pa ọbẹ̀ ń lọ sí òkèèrè, ẹni tí ó jẹ ẹ́ kò sì mọ ibi tí ó dúró sí.

Ó tún yẹ kí a fi ohun kan kún un. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 kan náà ni àjọ UNESCO kọ ìmọ̀ àti àṣà búrẹ́dì gígùn ti Faransé sínú ìwé àjogúnbá aráyé. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn. Iyì tọ́ sí àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì ní Faransé. Ṣùgbọ́n ọdún tí a gbé oyè fún búrẹ́dì ní ilẹ̀ tí ó ti wá ni ọdún tí ó wọ́n ní ilẹ̀ tí a gbé e lọ. Ẹnì kan gba iyì, ẹlòmíràn san owó. Kì í ṣe UNESCO ni ó dá a sílẹ̀, síbẹ̀ ẹni tí ó bá fi méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò rí i pé níní ohun kan ní ipele.

Ipele mẹ́ta ni a lè yà sọ́tọ̀. Èkíní ni níní orísun: ta ni ó kọ́kọ́ ṣe é? Èkejì ni níní ọwọ́: ta ni ó tún un ṣe tí ó fi di oúnjẹ? Ẹ̀kẹta ni níní oko: ta ni ó lè mú un wá tàbí kí ó mú un kúrò? Àwọn tí ó ní kí a kọ búrẹ́dì ń fi ojú èkíní wò ó, wọ́n sì ń tìjú lórí ohun tí kò yẹ ní ìtìjú. Àwọn tí ó ní kò sí wàhálà ń fi ojú èkejì nìkan wò ó, wọ́n sì ń yọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ Sankara, bí a bá gbọ́ ọ dáadáa, orí ẹ̀kẹta yìí ni ó dá lé: kì í ṣe adùn ni ó ń bá jà, ìgbáralé ni.

Ìbéèrè tí ó wá kù ni ẹni tí ẹrù ojúṣe náà yóò já lé lórí. Ó rọrùn láti wàásù fún alábàárù Youpwè pé kí ó fi búrẹ́dì sílẹ̀, kí ó lọ jẹ miondo. Ẹni tí ó ti yó ni ó sábà máa ń wàásù bẹ́ẹ̀. Alábàárù mọ iye tí ó wà lápò rẹ̀, ó mọ ìṣẹ́jú tí ó kù kí ọkọ̀ mìíràn tó gúnlẹ̀, ó sì ti yan ohun tí yóò gbé e dé ọ̀sán. Láti sọ oúnjẹ rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kí a di ẹrù kejì lé ẹni tí ó ti ru ọ̀kan. Kíkọ oúnjẹ, ọrọ̀ ni. Ẹni tí ó ní oúnjẹ mìíràn nílé ni ó lè ṣe é. Ìwà rere kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí olówó nìkan lè rà.

Ojúṣe náà wà lọ́rùn àwọn tí ọwọ́ wọn dé ibi tí ọ̀rọ̀ oko wà: àwọn tí ń ṣe òfin ọjà, àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, àwọn tí ó ni ilé iṣẹ́ búrẹ́dì. Ìjọba Ọbásanjọ́ ní Nàìjíríà ti pàṣẹ rí pé kí a máa fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kún ìyẹ̀fun àlìkámà ní ìwọ̀n díẹ̀, àmọ́ àṣẹ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ààrò. Ìkùnà bẹ́ẹ̀ kò sọ èrò náà di òmùgọ̀. Ó kàn fi hàn pé àṣẹ nìkan kì í ṣe oúnjẹ, àyàfi bí ẹnu bá fẹ́ ẹ. Ní Vietnam, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòfíìdì dá òwò pẹ̀lú Ṣáínà dúró tí èso kan tí wọ́n ń pè ní thanh long kò rí ọjà, ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní ìlú Hồ Chí Minh po èso náà mọ́ ìyẹ̀fun, ó sì ṣe búrẹ́dì aláwọ̀ pupa tí àwọn ènìyàn tò láti rà. Àlìkámà ṣì ti òkèèrè wá, ṣùgbọ́n fún àkókò díẹ̀ búrẹ́dì àlejò gba àgbẹ̀ ilé sílẹ̀. Ọwọ́ tí ó há ẹ̀wà sínú búrẹ́dì lè kọ́ bí a ti ń há oko pẹ̀lú sí i.

Àwọn olùkọ́ èdè pẹ̀lú ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì fúnra rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni Yorùbá ti yá a, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá kò gbà á ní tútù. Ó fi fáwẹ̀lì sí i láàárín, ó fi fáwẹ̀lì parí rẹ̀, ó sì fi ohùn sí i lórí, títí tí Gẹ̀ẹ́sì kò fi lè dá a mọ̀ mọ́. Lẹ́tà tí a fi ń kọ ọ́ náà, àwọn ìjọ Ọlọ́run ni ó gbé e dé. Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, àpérò lórí àkọtọ́ sì wáyé ní Èkó ní ọdún 1875. Bákan náà ni lẹ́tà tí àwọn ará Vietnam fi ń kọ bánh mì ti ọwọ́ àwọn àlùfáà ilẹ̀ Yúróòpù wá, tí àmì ohùn sì wà lórí rẹ̀ bí ó ti wà lórí tiwa. Kò sí ẹni tí ń tìjú nítorí àmì ìsàlẹ̀ ẹ tàbí ọ. Ìdí ni pé lẹ́tà wọ̀nyí ti ta gbòǹgbò bí ẹ̀gẹ́: a ń kọ́ ọmọ ní i, a ń fi kọ ìwé, kò sì sí ọkọ̀ ojú omi tí ó lè kó o padà. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ṣíwọ́, tí ìwé kíkà ní Yorùbá bá dúró de ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ fún wa láti òkèèrè, lẹ́tà náà yóò di àlìkámà. Èdè tí a ń sọ tí a kò fi kọ́ni ní oko ìyẹn ti bọ́ lọ́wọ́ onílé, bí adùn rẹ̀ tilẹ̀ wà lẹ́nu.

Nítorí náà, ẹni tí ó jókòó sí tourne-dos ní Youpwè kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìtìjú. Kí ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀, kí ó gbádùn rẹ̀, kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tí ó sè é, nítorí òun ni ó ni oúnjẹ náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Àmọ́, ẹ̀yìn títì tí ó jókòó kọ ẹ̀yìn sí náà ni èbúté wà, láti ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ ńlá ti ń kó ìyẹ̀fun wọ ìlú. Bí ó bá jẹun tán, yóò dìde, yóò sì yíjú sí títì, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ohun tí a ń bẹ àwọn tí ó rí àyè ronú ni pé kí àwọn náà yíjú sí i. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ, òótọ́ ni; ṣùgbọ́n ìlú tí kò mọ ẹni tí ó ni oko tí ó ń jẹ kò ní dúró de ọ̀dá kí ebi tó pa á.